Igi Irúgbá Tí Nẹ́tíwọ̀kì Bà Lé

Abúlé Láníyọnu,
Ọjọ́ Àlàmísì, ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn Ìtúnu Àwẹ̀.

Màsúdát ọmọ mi, Àwẹ̀ró,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Tanke, ní Ìlọrin lọ́hùn-ún? Ṣé omi ń yọ, ṣé iná ń wá, ṣé onílé yín ti sinmi ariwo? Ọlọ́hun Ọba tó ń bọ́ ẹyẹ tí kò ní ọkọ́ tí kò ní àdá yóò máa bọ́ ọ, kò ní jẹ́ kí o ṣìnà láàárín èrò, kò sì ní jẹ́ kí a fi ẹkún ka lẹ́tà ara wa. Àmín. Bàbá rẹ kí ọ. Abọ́sẹ̀dé àbúrò bàbá rẹ kí ọ. Ewúrẹ́ tó jẹ ìwé ẹ̀rí rẹ lọ́jọ́sí ti bí ìbejì, àwọn náà kí ọ.

Mo mọ̀ pé wàá máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí a ń kígbe lábẹ́ igi. O mọ̀ pé ibì kan ṣoṣo tí nẹ́tíwọ̀kì wà lórí gbogbo ilẹ̀ bàbá rẹ ni abẹ́ igi irúgbá orí òkè, gbogbo ènìyàn ló sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn níbẹ̀. Nígbà tí o sọ fún mi lóṣù tó kọjá pé inú ń run ọ́, kí n tó délé, ènìyàn mẹ́ta ti gbé àgbo dúró dè mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi lẹ́tà yìí rán Naeem onímọ́tò, yóò fà á lé ọ lọ́wọ́ ní Ọ̀fà Garage. Má jẹ́ kó sọ fún ọ pé òun kò kà á. Ó ń kà á.

Ìwọ kò bá ilẹ̀ yìí nígbà tó kún. Nígbà tí wọ́n gbé mi wá níyàwó, Láníyọnu bàbá bàbá rẹ ṣì wà láyé. Ọkọ̀ akẹ́rù méjì ló ń wá kó òwú lọ́dọọdún, ilé òwú tó di ilé àdán yìí máa ń funfun dé òrùlé, ogójì ènìyàn ló ń jẹun ọ̀sán, a kò sì ń béèrè ta ni àlejò nínú wọn. Lọ́jọ́ kẹta tí mo dé, ìyá ọkọ mi fà mí lọ́wọ́ gun òkè, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé ara igi irúgbá náà, ó ní ilẹ̀ jẹ́ ti ọkọ mi àti àwọn ará ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n láti òní lọ igi yìí jẹ́ tèmi, èso rẹ̀, ewé rẹ̀ àti ìbòòji rẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí ọkọ bá bí mi nínú, kí n má lọ sílé bàbá mi, kí n wá jókòó sábẹ́ ohun tèmi. Mo jókòó síbẹ̀ dáadáa o. Irú tí mo fi èso rẹ̀ ṣe ni mo tà tí o fi kàwé.

Lẹ́yìn tí òwú kò tà mọ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ lọ, tí ẹ̀yin ọmọ náà tẹ̀lé wọn, ilẹ̀ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni kò bá bàbá rẹ lára mu. O rántí pé ó kọ́kọ́ ro oko ẹ̀pà pẹrẹsẹ, ó tẹ́ aṣọ funfun sí ìpẹ̀kun rẹ̀, ó ní bó bá rẹ ọ̀kan nínú àwọn bàálù tó ń kọjá lọ sí Ìlọrin, kó rí ibi bà lé kó mu omi. Mo bi í pé ṣé ó máa ń rẹ bàálù ni. Ó ní ohun tó ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà, kí ni kò ní jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́. Ọdún méjì ni pápá náà fi wà, màlúù nìkan ló bà lé e. Lẹ́yìn náà ni ìwọ sọ pé ariwo Tanke kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kàwé. Ló bá gbá ilé òwú, ó pín in sí yàrá mẹ́jọ, ó fi ẹfun kọ ọ́ sára ògiri pé ILÉ ÌDÁKẸ́JẸ́Ẹ́ FÚN AKẸ́KỌ̀Ọ́, ÀDÁN KÌ Í ṢE ÈNÌYÀN NÍ NǸKAN. Ẹnì kankan kò wá. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àdán yẹn ló lé wọn, ṣùgbọ́n bàbá rẹ ní òtítọ́ la fi ń gba àlejò.

Ìgbà tí nẹ́tíwọ̀kì wá bà lé igi mi ni ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀. Ó kan bẹ́ǹṣì mẹ́fà, ó gbé ìkòkò omi tútù síbẹ̀, ó tẹ́ ẹní ìkírun sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn ènìyàn ń wá láti abúlé mẹ́rin, àwọn Fúlàní ń wá láti gáà wọn ní òdìkejì odò, bàbá rẹ a sì wọ agbádá lọ́sàn-án gangan láti pàdé wọn. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé ẹ̀ka igi náà kí nẹ́tíwọ̀kì má baà já bọ́. Èmi alára, bí mo bá fẹ́ ká èso mi, yóò ní kí n rọra.

Ajíbádé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́. Ó ní orí ilẹ̀ bàbá àwọn ni nẹ́tíwọ̀kì wà, nítorí náà ogún ni, wọn kò sì tíì pín in. Wọ́n ránṣẹ́ pe Àlùfáà Abdulhaleem wá sábẹ́ igi. Àlùfáà ṣí ìwé rẹ̀, ó wo ibi tó ti sọ̀rọ̀ kànga, ó wo ibi tó ti sọ̀rọ̀ ẹran tó sọnù, kò rí nẹ́tíwọ̀kì. Ó wá ní òun yóò fi í wé omi kànga, kí ọkùnrin gba ìpín méjì, kí obìnrin gba ẹyọ kan, kí olúkúlùkù máa fi tirẹ̀ ṣe sàráà fún àlejò. Bàbá rẹ gba wákàtí méjì láàárọ̀, Ajíbádé gba méjì lọ́sàn-án, Abọ́sẹ̀dé gba ẹyọ kan nírọ̀lẹ́. Abọ́sẹ̀dé fò dìde, ó ní ọ̀rọ̀ òun nìkan pọ̀ ju ti àwọn méjèèjì lọ, ẹni tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ jù ni wọ́n wá fún ní ṣíbí kékeré. Àlùfáà kò tíì pa ìwé dé tí fóònù tirẹ̀ fi dún, ìrọ̀lẹ́ sì ti lẹ́, wákàtí Abọ́sẹ̀dé ni. Abọ́sẹ̀dé ní kó tọrọ àyè. Àlùfáà sì tọrọ àyè, pẹ̀lú láwàní lórí. Èmi kàn bi wọ́n pé bí igi bá jẹ́ tèmi pẹ̀lú èso rẹ̀, ta ló wá ni ohun tó bà lé ẹ̀ka rẹ̀? Àlùfáà wo ojú ọ̀run, ó ní àsìkò ìrun ti tó.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé nìyí. Lẹ́yìn àwẹ̀ ni ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Isaiah wá pẹ̀lú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ri òpó nẹ́tíwọ̀kì mọ́lẹ̀. Ó rìn káàkiri, ó ní kò sí ibòmíràn, orí òkè yẹn ni, ó sì fi ọ̀dà pupa kun igi mi pé gígé ni wọn yóò gé e. Ó ní bí òpó bá dúró, gbogbo abúlé àti gáà yóò máa gba ìpè nínú yàrá wọn. Bàbá rẹ bi í pé ìbòòji òpó náà yóò gba ènìyàn mélòó. Isaiah ní Bàbá, irin ni, kò ní ìbòòji. Bàbá rẹ ní bó bá pẹ́ díẹ̀ ńkọ́?

Isaiah fún wa ní fọ́ọ̀mù tí a ó fọwọ́ sí bí a bá gbà. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tí a ń lo ilẹ̀ náà fún, bàbá rẹ kọ òwú, ó kọ ẹ̀pà, ó kọ bàálù, ó kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àyè tán, ó tọrọ bébà mìíràn. Nígbà tó kan ẹni tó ni igi, ó na fọ́ọ̀mù sí mi, ó ní Ìyá Màsúdát, tìrẹ ni. Isaiah ní èmi náà gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì báńkì tí owó igi yóò wọ̀, ó sì fi fóònù rẹ̀ ṣí i fún mi lábẹ́ igi. Fóònù náà ní kí n ṣẹ́jú, kí n yí orí sọ́tùn-ún, kó lè dá a lójú pé mo wà láàyè. Mo bi í pé ṣé àwọn òkú máa ń yọ báńkì lẹ́nu ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Mọ̀mọ́. Mo ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Ọjọ́ mẹ́ta ni fọ́ọ̀mù náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Bàbá rẹ kò sọ pé kí n ṣe é, kò sọ pé kí n má ṣe é. Ó ń lọ gbá abẹ́ igi láràárọ̀ ni. Lọ́jọ́ kẹta ló wá sọ, kò wò mí lójú, pé kó tó di pé òun kan bẹ́ǹṣì, láti Jímọ̀ dé Jímọ̀, ewúrẹ́ nìkan ló ń béèrè bí òun ṣe jí. Mo fẹ́ fa fọ́ọ̀mù náà ya. Òtítọ́ ni mo ń sọ fún ọ, mo ti fà á yọ.

Àfi bí Binta ṣe wọlé, ìyàwó Fúlàní tó bímọ nínú mọ́tò Naeem nígbà àwẹ̀. O kò gbọ́ bó ṣe rí tán. Ọkọ rẹ̀ ló sáré láti gáà nínú òjò, ó la odò kọjá, ó gun òkè wá sábẹ́ igi mi kó tó lè pe Naeem. Ó bá Ajíbádé tó ń ná àgbò lórí fóònù. Ajíbádé yà fún un lójú ẹsẹ̀, n kò lè purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti jẹ àsìkò. Ọ̀fà Garage lọmọ ti wáyé, láàárín àwọn ọlọ́sàn. Binta gbé ọmọ náà lé mi lẹ́sẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní Ìyá, igi yín dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀ tó lè sáré wá bá mi. Ó kàn sọ ọ́ ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi ṣa ẹ̀wà. Mo wo ọmọ náà títí. Nígbà tí wọ́n lọ, mo fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù.

Àpótí kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n kọ sí pé ti ọ́fíìsì nìkan ni. Wọn kò kọ nǹkan kan sínú rẹ̀, àánú bébà ṣe mí, mo wá kọ tèmi síbẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n ká èso ọdún yìí ná, kí wọ́n má sì gé e lójú bàbá rẹ. Isaiah rẹ́rìn-ín nígbà tó rí i. Ó tún un kà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kò sí ẹni tó máa ń bá àwọn sọ̀rọ̀ nínú àpótí yẹn. Ó fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Nítorí náà, wá sílé ní Sátidé. Èso ti gbó, àwọn ọmọdé ti ń fi ìyẹ̀fun rẹ̀ kun ẹnu. Wá bá mi ká a. Bàbá rẹ yóò lọ kí àwọn àna wa ní Ọ̀fà lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gé e; mo ti ṣètò rẹ̀, kò tíì mọ̀, tàbí ó mọ̀ tí kò sọ. Ó ti ń wọn ìtì igi náà wò báyìí, ó ní yóò mú bẹ́ǹṣì méjìlá jáde. Ta ni yóò jókòó lé e lórí, n kò bi í.

Bí ọwọ́ rẹ bá tó o, fi owó díẹ̀ bọ àpò wá fún ìkòkò irú, nítorí ìkòkò àtijọ́ ti jò. Wọ́n ní owó igi ti wọ báńkì, ṣùgbọ́n n kò tíì rí i lójú, tìrẹ ni mo mọ̀. Bàbá rẹ ní kí o ra agboòrùn ńlá bíi ti àwọn oní-POS wá. Kò sọ ohun tí yóò fi í ṣe. Ra á.

Ohun kan ló kù tí n kò tíì bi ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ń gbọ́ ohùn rẹ láti orí ẹní mi, láìgun òkè, láìwọ bàtà, ṣé ìwọ náà kò ní rò pé o ti wálé, kí ẹsẹ̀ rẹ wá wọ́n? Má dá mi lóhùn nínú lẹ́tà, Naeem yóò kà á. Nígbà tí òpó bá dúró, má pè mí nílé. Pè mí ní Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun bí o ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Èmi àti bàbá rẹ yóò wà lókè níbẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì, lábẹ́ agboòrùn.

Ọlọ́hun yóò fi ìbòòji bò ọ́ níbi tí igi kò sí. Ọ̀nà tó gbé ọ lọ kò ní gbàgbé bí a ti ń gbé ọmọ bọ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àsmá'ù.