Ọkọ Mi Ń Pe Ọ̀tá Rẹ̀ ní Ẹ̀gbọ́n, Èmi Sì Ni Ọ̀tá Náà

Ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, mi ò wá gba ìwàásù, nítorí náà ẹ̀yin tí ẹ máa kọ "máa gbàdúrà sí i" sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọjá lọ, mo ti gbàdúrà, ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Èmi ni mò ń ba ọkọ mi jagun nínú géèmù kan lórí kọ̀ǹpútà, kò sì mọ̀ pé èmi ni... ní báyìí ó fẹ́ torí ẹ̀ ba ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ jẹ́, ẹni tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ ó sì rí i pé mi ò pe ọkọ mi ní "wọ́n" nínú ohun tí mò ń kọ yìí. Nílé, mo máa ń pè é bẹ́ẹ̀. Ibí kì í ṣe ilé.

Parakou ní orílẹ̀-èdè Benin là ń gbé. Ṣakí ni wọ́n bí mi sí, ọkọ ló gbé mi wá síbí. Ó ń ta ohun èlò alùpùpù ní àdúgbò Zongo, ṣéènì, búréèkì, púlọ́ọ̀gì, ṣọ́ọ̀bù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ó ra kọ̀ǹpútà sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ní kóun lè máa fi wo ọjà tó ń bọ̀ láti Cotonou. Ọjà wo? Ogun ojú ọ̀run ló ń jà níbẹ̀. Géèmù náà, oníkálukú ló ní ìràwọ̀ tiẹ̀ nínú rẹ̀, wàá máa wa irin, wàá máa fi kan ọkọ̀ òfuurufú, wàá wọ ẹgbẹ́ kan, ẹ ó jọ kó ara yín lọ ja ẹgbẹ́ mìíràn lógun, àwọn ará Abidjan, ará Lomé, ará Niamey, gbogbo wọn á wà nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin tó nírùngbọ̀n, tí ewú ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí ẹ̀. Oníbàárà á dúró níwájú títí, ọkọ mi á ní kí wọ́n ní sùúrù, òun ń kó ọmọ ogun lọ sójú ọ̀run. Ṣé ẹ fẹ́ mọ orúkọ tó fún ara ẹ̀ níbẹ̀? Tonnerre du Borgou. Àrá Borgou. Àrá tí ò lè lé eku jáde nínú yàrá ẹrù wa.

Mo kọ́kọ́ rò pé obìnrin ni. Kò sí aya tí ò ní rò bẹ́ẹ̀, ọkùnrin tí yóò máa wo kọ̀ǹpútà kó máa rẹ́rìn-ín músẹ́... Lọ́jọ́ kan tí mo gbé oúnjẹ lọ bá a, mo ka orúkọ géèmù náà lójú kọ̀ǹpútà. Èmi náà ní ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Banikanni, ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé, mò ń ṣe fọtokopí, mò ń bá àwọn ọmọ ilé ìwé tẹ iṣẹ́ wọn. Ni mo bá gbé géèmù yẹn sórí kọ̀ǹpútà mi, mo ní màá fi mú òun àti obìnrin náà. Wọ́n ní kí n mú orúkọ wá. Mo wo orí tábìlì, ike òrí tí mo fi ń para ló wà níbẹ̀, wọ́n kọ karité sí i lára, mo tẹ Karité. Mo wọlé. Kò sí obìnrin kankan níbẹ̀. Àwọn àgbààyà tó ń bú ara wọn ní Faransé ló kún ibẹ̀. Ká ní obìnrin ni, ǹ bá mọ bí mo ṣe máa ṣe é. Kí lèèyàn fẹ́ ṣe fún ọkọ tó ń fi aya ilé sílẹ̀ lọ fẹ́ ìràwọ̀? Mo bá wọ ẹgbẹ́ tó ń bá tiẹ̀ jà. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe, mi ò ní purọ́.

Mo mọ̀ ọ́n jà ju bí mo ṣe rò lọ. Kì í ṣe ọgbọ́n kan... ọkọ mi ni mo mọ̀. Bó ṣe ń ná ọjà ló ṣe ń jagun, á kó gbogbo ohun tó ní síwájú, á máa pariwo, á fi ẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu. Bí ẹ bá fi ọkọ̀ kékeré kan dẹ ẹ́, tí ọkọ̀ náà bú u, á pa ohun tó ń ṣe tì, á máa lé e kiri. Ebi tún wà níbẹ̀. Bí ebi bá ń pa á, kì í lè ronú. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ kọlù ú, mo máa ń jẹ́ kí wasawasa ọ̀sán pẹ́. Ẹgbẹ́ mi rò pé ológun tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, wọ́n fi mí ṣe olórí. Mò ń sun ọkọ̀ rẹ̀, mò ń gba ìràwọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà màá lọ sílé, màá bu omi fún un, á jókòó sójú mi, á máa sọ fún àbúrò rẹ̀ pé akin kan wà tí wọ́n ń pè ní Karité, pé ọkùnrin tó lórí ni. Ọkùnrin o.

Ìgbà tó yá, ó kọ̀wé sí Karité níkọ̀kọ̀. Ó pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Ó ní kí n dákun, kí n kọ́ òun. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kọ́ ọ. Ohun tí mo bá sọ fún un nílé pé kó ṣe, kó tó ọjà tuntun sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, kó yéé jágbe mọ́ oníbàárà, á ní kí lobìnrin mọ̀. Bí Karité bá ti sọ ọ́, á ṣe é lọ́jọ́ kejì, á wá máa yan níwájú mi pé òun fúnra òun ló ronú kàn án. Inú mi a máa dùn. Ẹ̀gàn náà a máa dùn mọ́ mi, kí n má purọ́. Àmọ́ ó kọ ọ̀kan sí mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí ọmọ ilé ìwé kan dúró tì mí pẹ̀lú bébà tó fẹ́ ṣe ẹ̀dà. Ó ní ìyàwó òun máa ń wo òun bí ìgbà téèyàn ń wo oúnjẹ tó ti kan. Ó ní ìdí nìyẹn tóun fi ń pẹ́ nídìí géèmù. Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mi ò lè rẹ́rìn-ín mọ́, mo bá ọmọ náà ṣe ẹ̀dà rẹ̀, mo bà á jẹ́, mo tún un ṣe.

Àṣìṣe mi nìyí. Nígbà tí mo wọlé ọkọ, ìyá ọkọ mi ló pè mí jókòó, wọ́n ní ọkùnrin ilé àwọn, inú wọn máa ń tètè ru, pé bí tọkọ mi bá ru, kí n má dá a lóhùn, kí n kúnlẹ̀, kí n fi oríkì rẹ̀ pè é, kí n ní kó fara balẹ̀. Ó sì máa ń rọ̀ lóòótọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ pé Àdìgún ni oríkì náà, èyí tí mo kọ yìí kọ́ ni. Kò sí nínú ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀, ará Zongo ò mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ ọjà kan, a ká ọkọ̀ rẹ̀ tó tóbi jù mọ́, èyí tó ti ń kàn láti ìgbà ọ̀gìnnìtìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èébú sójú gbogbo ènìyàn, ó bú mi, ó bú àwọn tirẹ̀, mo sì ń kà á, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ létí... ọwọ́ mi ò bi mí léèrè, ó tẹ Àdìgún, fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti lọ. Ọkọ̀ rẹ̀ dúró gbagidi sójú kan. Àwọn èèyàn mi sì dáná sun ún.

Ó délé, kò jẹun. Ó ní ejò lọ́wọ́ nínú. Àwa mẹ́ta péré la mọ oríkì yẹn láyé, ìyá rẹ̀ tó wà ní Ṣábẹ̀, tí fóònù ò yé, èmi, àti àbúrò rẹ̀. Èmi? Kò tilẹ̀ bi mí. Ó ní kí n bu omi wá. Àbúrò rẹ̀ ló kọjú sí. Akọ̀wé ni mò ń pe ìyẹn, nítorí ó ti wà nínú ilé kí n tó dé, mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Ọmọlúàbí ni, òun ló ń ta ọjà nígbà tí Àrá bá wà lójú ọ̀run. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìdílé ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́ ń retí wa ní Banikanni. Bàbá òun àti ọkọ mi ti kú, ọkọ mi ló yẹ kó dìde sọ̀rọ̀ fún un. Ó ní òun ò lọ. Ó ní bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani, kí ọ̀dàlẹ̀ lọ wá ẹni tí yóò ṣojú fún un. Akọ̀wé búra, ó ní òun ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ọkọ mi ní bí amí ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Láàárọ̀ àná Akọ̀wé wá bá mi ní ìdí iná, ó lóṣòó, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀n... ó ní ìyàwó wa, ẹ dákun, ẹ bá mi fi oríkì bẹ̀ ẹ́.

Òwúrọ̀ yìí ni ọkọ mi kọ̀wé sí Karité. Ó ní ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin nìkan ni mo lè bi, ta ló sọ oríkì mi fún yín? Ó ní bẹ́ ẹ bá ní àbúrò mi ni, mo máa lé e jáde, bẹ́ ẹ bá ní òun kọ́, mo máa gbé agbádá mi wọ̀, mo máa bá a lọ ilé àna rẹ̀, mo fara mọ́ ohun tẹ́ ẹ bá wí. Ó tún fi kún un pé ìyàwó òun kọ́, pé ìyẹn ò mọ̀ ju kó tẹ fọtokopí lọ. Bí mo bá ní Akọ̀wé kọ́, ta ló kù nílẹ̀ bí kò ṣe èmi? Ó lè gọ̀, kò gọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ ọlọ́mọ á pàdánù ìyàwó nítorí ogun tí kò sí níbì kankan. Ẹ má sì sọ fún mi pé ẹ̀rù ìkọ̀sílẹ̀ ló ń bà mí. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé bí mo bá jẹ́wọ́, kò sẹ́ni tí yóò tún pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́, kò sì ní sí ẹni tí yóò máa sọ fún mi bó ṣe ń ṣe ọkọ mi. Mo wà nídìí kọ̀ǹpútà báyìí, ó tún ti kọ ọ̀kan ránṣẹ́, ó ní ẹ̀gbọ́n, mò ń retí yín. Ta ni kó dá a lóhùn? Ṣé Karité ni, àbí kí n tilẹ̀kùn ilé iṣẹ́, kí n gba Zongo lọ, kí n kúnlẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀, kí n pè é ní Àdìgún?