Oúnjẹ Palẹ̀-ó, Búrẹ́dì Bàbá Rẹ àti Ọkùnrin Oníkùmọ̀

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, ìyá rẹ kí ọ, ààrò náà ì bá kí ọ bí ó bá lẹ́nu. Ara wa le níbí, àfi orúnkún mi òsì tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn kò fi epo sí, àti ojú ìyá rẹ tí ó ní kò ríran dáadáa mọ́, síbẹ̀ kò sí ohun tí mo fi pamọ́ tí kò rí. Àdúrà wa ni pé kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ rẹ, kó máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ, kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ má ṣe rí ọ tì, kí àtẹ̀gùn gíga ilé tí ò ń gbé má ṣe gbé ọ ṣubú, kí omi ẹ̀rọ rẹ sì máa yọ nígbàkúùgbà tí o bá yí i. Àmín.

Nílé, adìẹ dúdú ìyá rẹ ti pamọ. Àwọn tó ń tún títì ṣe ti gbẹ́ kòtò síwájú ilé wa, wọ́n wo inú rẹ̀ dáadáa, wọ́n sì lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan wọ̀nyẹn kọ́ ni mo tìtorí rẹ̀ mú bírò. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ rẹ ni.

Lọ́jọ́ tí o pè mí, inú ìsọ̀ ni mo wà, ìyẹ̀fun kún ọwọ́ mi méjèèjì, mo bá fi ìgbọ̀nwọ́ gbé ìpè náà. Ohun tí ìgbọ̀nwọ́ mi tẹ̀ kò yé mi títí di òní, àfi pé ohùn rẹ bú jáde bí ohùn ẹni tó ń polówó, gbogbo àwọn tó tò síwájú ìsọ̀ ló ń gbọ́ ọ. Wọ́n gbọ́ bí o ṣe kí mi, wọ́n gbọ́ pé ò ń bọ̀ wálé lo ìsinmi rẹ, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń wò wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè mọ irú ọmọ tí mo bí. Ibẹ̀ ni o ti wá ní kí n má yan búrẹ́dì dè ọ́ o, pé o kì í jẹ búrẹ́dì mọ́, pé palẹ̀-ó ni ò ń jẹ báyìí.

Gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà yíjú sí mi.

Mo kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ló wà lọ́dọ̀ rẹ tí ò ń sọ fún pé kó palẹ̀ àwo mọ́, mo sì ní kí ẹni náà palẹ̀ tán ná, ká tó máa bọ́rọ̀ lọ. O ní rárá, orúkọ oúnjẹ náà gan-an nìyẹn. Èmi kò tíì gbọ́ oúnjẹ tó ń jẹ́ palẹ̀ rí, oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn, wọ́n ti ní kí wọ́n palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ìgbà tí o wá ń ka ohun tí o kò jẹ mọ́ ni mo gbà pé orúkọ rẹ̀ bá a mu. Búrẹ́dì, palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ìrẹsì, palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀wà, àgbàdo, wàrà, ṣúgà, bisikíìtì, palẹ̀ gbogbo rẹ̀ mọ́. Mo ní ṣé wọ́n fi tábìlì sílẹ̀ fún ọ.

Nígbà tó yá o fi àwòrán ránṣẹ́ kí ó lè yé wa. Ìyá rẹ fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú fóònù, ó sì wò ó títí. Ewé wà nínú àwo, ẹja wà níbẹ̀, ẹyin wà níbẹ̀, lábẹ́ àwo náà ni ọkùnrin kan dúró sí, irun bo gbogbo ara rẹ̀, awọ ẹran ló ró mọ́dìí, ó gbé kùmọ̀ lé èjìká, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọmọ òun ti rí ọkọ fẹ́. Mo ní ẹni yìí? Ó ní kí n má fi ojú òde wo ènìyàn, ó ní eyín rẹ̀ pé, èjìká rẹ̀ á lè gbé àpò ìyẹ̀fun, kò ku nǹkan kan ju ẹ̀wù lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bi mí pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Mo ní bí mo ṣe wo kùmọ̀ yẹn, ó ní láti jẹ́ pé ilé onílé ló ń ṣọ́.

Ó dáa, ohun tó ń dun bàbá rẹ rèé. Ẹni tó wà níwájú lórí ìlà lọ́jọ́ náà ni alápatà tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tiwa, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀bẹ-Ò-Sùn. Kó tó di ọ̀sán, ó ti wá pákó kan, ó ti wá ẹfun, ó ti kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ìsọ̀ rẹ̀ pé: ẸRAN PALẸ̀-Ó WÀ NÍBÍ. ÒUN NI ỌMỌ ONÍBÚRẸ́DÌ Ń JẸ. Ẹni tó bá ń bọ̀ wá ra búrẹ́dì á ka pákó náà, á wò mí, á tún ka pákó náà, á wá rántí pé òun gbàgbé owó sílé. Búrẹ́dì ń kù sílẹ̀ lójoojúmọ́. Adìẹ ìyá rẹ ti jẹ nínú rẹ̀ débi pé bí a bá pè wọ́n báyìí, ṣe ni wọ́n ń rọra rìn bọ̀ bí ìyàwó olówó.

Èyí tí mo lè fi ṣẹ̀rín nìyẹn. Èyí tí kò pa mí lẹ́rìn-ín ni olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó ti ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí o wà nínú oyún. Ó wá, ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí bóyá nǹkan kan wà nínú búrẹ́dì mi tí mo mọ̀, tí ọmọ mi nìkan ni mo sọ fún. Ọmọ mi, mo kà á fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹ̀fun, omi, iyọ̀, ìwúkàrà, ìwọ̀nba ṣúgà, kò sí nǹkan mìíràn nínú búrẹ́dì mi. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ààrò títí mo fi lè fi ìka tẹ ìyẹ̀fun pípò kí n sì sọ fún un bóyá ó ti sinmi tó. Bí ó bá ti sinmi tó, ojú ibi tí o tẹ̀ á rọra padà wú. Bí kò bá tíì tó, á fò sókè kíá bí ẹni tí wọ́n ta jí. Bí ó bá ti ju bó ṣe yẹ lọ, kò ní padà mọ́. Ẹni tó ń ṣe irú sùúrù bẹ́ẹ̀ fún ìyẹ̀fun lásán, ṣé òun ló máa fi nǹkan burúkú bọ́ ará àdúgbò rẹ̀?

Mo wọ bàtà, mo gba ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn àdúgbò wa lọ, mo ní kó là mí lóye, nítorí mi ò lè bá ohun tí mi ò mọ̀ jà. Ó fún mi ní àga, ó sì fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní òyìnbó ló ni orúkọ náà, àtijọ́ ló túmọ̀ sí, àwọn kan sì rò ó pé oúnjẹ oko kò tíì mọ́ wa lára dáadáa, pé láyé àtijọ́ pátápátá, kí ẹnikẹ́ni tó mọ bí a ṣe ń dáko, ohun tí àwọn ènìyàn bá pa, tí wọ́n bá ká, tí wọ́n bá wú nílẹ̀ ni wọ́n ń jẹ: ẹran, ẹja, ẹyin, ewé, èso igi, gbòǹgbò, àti oyin bí oyin kò bá ta wọ́n sá. Wọn kò gbin ọkà, wọn kò gbin ẹ̀wà, wàrà kò sì sí, nítorí ta ló máa di màlúù inú igbó mú lọ́mú. Ó ní ọkùnrin inú àwòrán yẹn kì í ṣe àfẹ́sọ́nà ẹnikẹ́ni, ọ̀kan nínú àwọn ará àtijọ́ yẹn ni wọ́n yà. Mo sọ fún ìyá rẹ. Ó ní nọ́ọ̀sì kò mọ ẹbí ọkùnrin náà.

Mo ní ẹ̀pà ńkọ́. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀pà kò sí níbẹ̀, nítorí pé ẹbí ẹ̀wà ni ẹ̀pà. Háà! Ẹ̀pà tí a jọ ń gbé láti kékeré, ẹ̀wà ló jẹ́ tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kó má baà di pé mo ń bú ohun tí mi ò tọ́ wò, èmi náà jẹ palẹ̀-ó. Mo ra ẹran lọ́wọ́ Ọ̀bẹ-Ò-Sùn fúnra mi, ó ń kọrin bó ṣe ń gé e. Mo jẹ ẹran, mo jẹ ẹyin, mo jẹ ewé títí mo fi ń wo odi ọgbà bí ewúrẹ́. Mi ò ní purọ́, inú mi fúyẹ́, ṣòkòtò mi sì ń wá ìgbànú. Ṣùgbọ́n ìwọ náà rò ó wò, kí ènìyàn máa yọ búrẹ́dì gbígbóná nínú ààrò láràárọ̀, kí òórùn rẹ̀ máa kí i ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, kó má lè dáhùn. Mo dáhùn. Igun kékeré ni mo bù. Ìyá rẹ, tí ojú rẹ̀ kò ríran, rí mi láti ẹ̀yìnkùlé.

Mo padà lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì láti jẹ́wọ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá dùn. Mo bi í pé ṣé gbogbo ará àtijọ́ ló ń jẹ irú àwo tí ọmọ mi fi ránṣẹ́. Ó ní rárá o, àwọn ọ̀mọ̀wé fúnra wọn ṣì ń bá ara wọn jiyàn lé e lórí, ohun tí kálukú bá rí níbi tó ń gbé ló ń jẹ, ẹni tó wà létí omi jẹ ẹja, ẹni tó wà nínú igbó jẹ tibẹ̀. Ó ní wọ́n tiẹ̀ rí òkúta àtijọ́ tí àwọn kan nínú wọn fi ń lọ èso koríko.

Mo dìde lórí àga. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ọmọ mi, èso koríko tí wọ́n fi òkúta lọ, ìyẹ̀fun nìyẹn! Ọkùnrin oníkùmọ̀ yẹn, ẹlẹgbẹ́ mi ni, ìsọ̀ nìkan ni kò ní. Nọ́ọ̀sì ní kí n jókòó. Ó ní kí n má fi ìyẹn yọ ọ́ lẹ́nu o, pé bí ara rẹ bá dá ṣáṣá láìsí búrẹ́dì, kí n fi ọ́ sílẹ̀, pé ikùn rẹ ni, kì í ṣe ìsọ̀ mi. Mo rò ó lójú ọ̀nà títí mo fi délé, òótọ́ ló sọ.

Nítorí náà, máa bọ̀. Mo ti ra páànù tuntun tí ìyẹ̀fun kò kàn rí. Bí mo bá ti kó búrẹ́dì jáde tán, ooru ààrò á ṣì tó yan ẹja àti ọ̀dùnkún, ìyá rẹ á se ẹyin, a ó já ewé sí i títí wàá fi ní ó tó. Ẹnikẹ́ni kò ní fi búrẹ́dì lọ̀ ọ́ nílé yìí.

Ohun kan péré ni mo ń bẹ̀ ọ́. Ìyàwó Ọ̀bẹ-Ò-Sùn ń gba ẹ̀yìnkùlé wa wá ra búrẹ́dì ní ìdájí, ó ń fi aṣọ bò ó mọ́nú abọ́, nítorí pé ọkọ rẹ̀ kò lè mu tíì láìri búrẹ́dì mi bọ̀ ọ́. Mo ti mú ẹfun dání kí n kọ ọ́ sórí pákó tèmi, ìyá rẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní obìnrin náà ló máa fara gbá a. Ó dáa, mi ò kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kọ́kọ́ wá sí ìsọ̀, màá gbé búrẹ́dì ńlá kan fún ọ, kí o gbé e lé àyà, kí o rọra gba iwájú alápatà kọjá, kí o kí i dáadáa, kí o sì kí olùkọ́ àgbà bí o bá rí i. Mi ò ní kí o jẹ ẹ́. Kí wọ́n ṣáà rí i pé ọmọ mi lè gbé búrẹ́dì mi láyà láìbẹ̀rù. Bí o bá délé, kí o fún adìẹ.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Owó búrẹ́dì, owó ìrẹsì, owó wàrà àti ṣúgà tí o kò rà mọ́, ó ní láti wà níbì kan, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi tún ilẹ̀kùn ààrò ṣe, kí ìyá rẹ sì fi ra gíláàsì ojú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ ohun tó tún fẹ́ rí. Má fi gbogbo rẹ̀ sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan náà o, fóònù mi ti dàgbà, kò lè gbé ẹrù tó wúwo.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ohun tí ò ń jẹ gbè ọ́, á jẹ́ kí ayé rẹ wú bí ìyẹ̀fun tó sinmi dáadáa, ọwọ́ ibi kò ní tẹ̀ ọ́ wọlẹ̀. Wàá bá wa láyọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, oníbúrẹ́dì.

Ìyá rẹ ní kí n fi èyí kún un. Mo ka ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ òkúta àti èso koríko sí i létí, ó pàtẹ́wọ́, ó ní ṣé ẹ rí i, ọkùnrin oníkùmọ̀ náà níṣẹ́ lọ́wọ́. Ó ní kí o mú un dání bí o bá ń bọ̀, kó fi kùmọ̀ sílẹ̀ nílé, ẹ̀wù mi àtijọ́ kan wà tó máa gba èjìká rẹ̀.