Káàdì Ìyá Àgbà Sapporo

Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀ Rélùwéè,
Tokawa, Choshi.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejì, ọdún 1984.

Morio, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ní gbogbo ilẹ̀ Japan, lẹ́yìn ọba, èmi ni wọ́n mọ̀ jù. Bí rélùwéè bá rí mi, dandan ni kó dúró. Bí èmi àti bàbá mi bá sì jókòó ti oúnjẹ alẹ́, gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń wò wá. Nítorí náà, ọwọ́ méjèèjì ni kí o fi gba lẹ́tà yìí.

Ṣé dáadáa ni o wà? Màmá rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ kò dùn wọ́n mọ́? Àbúrò rẹ tó máa ń jẹ ẹfun ìkọ̀wé ńkọ́? Mo gbọ́ pé òjò dídì Sapporo ti ga ju ilé yín lọ. Ṣé ojú fèrèsé lẹ ń gbà jáde?

Tiwa kò fara rọ. O mọ ìtàn aláwòrán tí ẹ̀gbọ́n mi Kinue ń yà ní Tokyo nípa ìgbà èwe wa, níbi tí mo ti jẹ́ ọmọ tí ikun ń dà nímú, tó ń fi ẹja pamọ́ sábẹ́ ẹ̀wù. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde fẹ́ fòpin sí i. Káàdì kan máa ń wà nínú mágasíìnì tó ń gbé e jáde tí òǹkàwé ń kọ orúkọ ìtàn tó wù ú sí, tí á fi ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìtàn tí káàdì rẹ̀ bá kéré jù, wọ́n á gé e bí ẹni gé èékánná. Tiwa ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn ìtàn ajá tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ajá, Morio!

Ì bá má dùn mí tó bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe ti Màmá. Oṣooṣù ni wọ́n ń ra mágasíìnì náà, wọ́n á ní àwọn fẹ́ fi di ẹja ni. Wọn kì í fi di nǹkan kan. Wọ́n á ti ẹsẹ̀ bọ abẹ́ tábìlì oníná tí a fi ń yáná nígbà òtútù, wọ́n á ṣí ojú ìwé tí a ti ń jẹun alẹ́, wọ́n á máa wò ó títí tíì wọn á fi tutù.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í dọdẹ káàdì. Mo ya ti inú mágasíìnì ilé onígbàjámọ̀, mo ya ti ilé ìwẹ̀, mo ya ti ọ̀dọ̀ dókítà eyín lójú àwọn aláìsàn. Lórí káàdì kan, mo di atukọ̀ ní Nagasaki. Lórí òmíràn, mo di ìyá àgbà kan ní Sapporo tó ní bí ìtàn náà bá parí, òun náà á parí. Àdírẹ́sì yín ni mo fún un, má bínú.

Àpótí lẹ́tà pupa iwájú ibùdókọ̀ wa ni mo ju gbogbo wọn sí. Òǹtẹ̀ Choshi ni ilé ìfìwéránṣẹ́ sì lù mọ́ gbogbo wọn lórí. Wọ́n ní irọ́ lè lọ fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a. Tèmi kò kọjá ilé ìfìwéránṣẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, Kinue wọlé. Kò tíì bọ́ bàtà tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Isamu, ìyá àgbà Sapporo yẹn, ṣé ó lúwẹ̀ẹ́ wá sí Choshi wá ju káàdì sí àpótí lẹ́tà ni?"

"Arúgbó náà lágbára ni," ni mo wí.

"Panu mọ́! Olóòtú wa kà á sókè ní ọ́fíìsì, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni wọ́n rò pé mo kọ ọ́! Wọ́n fẹ́ fún mi ní oṣù díẹ̀ sí i tẹ́lẹ̀. Ó ti ku ẹ̀ẹ̀kan péré tí ìtàn náà máa jáde."



Nígbà tí a jókòó ti ẹja, Kinue ní ilé iṣẹ́ tó ń di ẹja sínú agolo níbí ń gba obìnrin síṣẹ́, òun á kàn máa bọ̀ wálé. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mi ò mọ ohun tí màá fi Bàbá ṣe lójú ìwé ìkẹyìn."

Màmá kò gbójú sókè. "Jẹ́ kí bàbá yín jẹun tán ná," ni wọ́n wí.

Bá mi kí Màmá rẹ, kí o sì gba ẹfun lẹ́nu àbúrò rẹ. Ní ti bàbá mi tí o ní kí n bá ọ kí, mi ò rí wọn kí. Rélùwéè ń dúró fún mi lóòótọ́, torí ọ̀dọ̀ wa ni ojú irin parí sí. Wọ́n mọ̀ mí lóòótọ́, ó kéré tán wọ́n mọ ikun imú mi. Oúnjẹ alẹ́ yẹn nìkan ni irọ́. Ọdún tí ẹ kó lọ sí Sapporo ni bàbá mi wọ rélùwéè àárọ̀, wọn kò sì padà. Kinue ló ń yà wọ́n sídìí tábìlì. Èmi kàn ti ń sọ fún ọ nínú lẹ́tà pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Isamu