Àwòrán Rẹ Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Géètì

Brestovo,
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrin oṣù Kọkànlá.

Liuben ọmọ mi,

Àwọn ohun tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn lọ́sẹ̀ yìí nìyí: ẹ̀yìn rẹ tó máa ń dùn ọ́, mi ò mọ ẹni tó ń bá ọ gbé àwọn sípíkà wúwo yẹn báyìí tó o ti ń dá ṣiṣẹ́, sítóòfù tó ń tú èéfín sínú ilé, ajá Rusalina tó ń gbó ohun tí èmi kò rí, bóyá ò ń jẹun, àti bí gbogbo abúlé ṣe gbà pé o ti kú. Ti ìgbẹ̀yìn yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé, ṣùgbọ́n kò yẹ kéèyàn fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáájú ìkíni, nítorí náà jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí ọ ná.

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù Sófíà kò tíì wọ ọ́ lọ́fun? Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó pẹ̀lú nǹkan gbígbóná lọ́wọ́, kí ó má bá ọ lórí àkàsọ̀, kí ó má bá ọ níbi tí wọ́n ti ń fi wáyà iná ṣeré. Èmi náà wà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń dùn mí, ti òsì náà sì ti ń kọ́ ìwà rẹ̀. Mo ti gé kábéèjì sínú àgbá oníyọ̀, mo ti yan tàtàṣé, mo ti kó o sínú ìgò bí ìyá rẹ ṣe máa ń ṣe é. Ìyẹn ni pé ti gbogbo ilé ni mo ṣe, nítorí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ti ẹnì kan. Ìgò ti kún abẹ́ ibùsùn rẹ.

Páálí tó o fi ránṣẹ́ dé ní Ọjọ́rú. Mo rí àwo orin rẹ tuntun, tín-ín-rín báyìí, ó ń dán. Mi ò ní ẹ̀rọ tí mo lè fi gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo rí i pé gbogbo èèyàn tó ní ọgbà àjàrà níbí ló so irú rẹ̀ mọ́ igi, ẹyẹ kì í sì í dé ibẹ̀ mọ́, nítorí náà mo fi okùn so tìrẹ sójú fèrèsé kí ó lè máa rí oòrùn. Bébà ńlá tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀.

Ìwọ náà mọ bébà yẹn. Àwòrán rẹ ni, dúdú àti funfun, o kò rẹ́rìn-ín, ò ń wo ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ rẹ sí ní kíkún, Liuben Manolov Dishkov, wọn ò kọ Ẹ̀fúùfù Irin tí í ṣe orúkọ ẹgbẹ́ olórin yín síbẹ̀ rárá. Wọ́n wá kọ “Ogójì Ọdún”, ìyẹn iye ọdún tó o ti ń kọrin. Wọ́n kọ “Kò Sẹ́nìkan Nílé”, orúkọ àwo náà. Wọ́n sì kọ ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kọkànlá, aago méje alẹ́. Mo rò ó títí ibi tí mo máa fi í sí, mo sì gbà pé géètì ló yẹ, nítorí ibẹ̀ ni ìwé ìkéde òkú Stoimenka ìyá rẹ wà, tí mò ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún bí gbogbo ilé ṣe ń ṣe, kí àwòrán rẹ̀ má baà ṣá nínú oòrùn. Mo lẹ̀ ọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo fà sẹ́yìn, mo wò yín, àwòrán dúdú-funfun méjì, orúkọ méjì, ọdún méjì, ẹ jọra gan-an. Mo rò pé torí pé ẹ jẹ́ ìyá àti ọmọ ni.

Rusalina tó ni ṣọ́ọ̀bù ló kọ́kọ́ kọjá. Ó dúró, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó wọlé wá dì mọ́ mi, ó ní Bàbá Manol, kí ló dé tẹ́ ò sọ fẹ́nì kankan? Mo ní àná ṣẹ̀ṣẹ̀ ni bébà náà dé. Ó ní ṣé òjijì ni? Mo ní rárá o, ó ti tó ọdún méjì tó ti ń múra rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun máa dá a ṣe ni. Ó jókòó. Ó ní ó dá a ṣe? Mo ní òun nìkan, kò tiẹ̀ jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́ títí tó fi parí ẹ̀. Ó ní àwọn yẹn ńkọ́ o, báwo ló ṣe rí lára wọn? Mo ní ó dùn wọ́n, wọ́n fẹ́ kí gbogbo wọn jọ ṣe é pọ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. Ó bú sẹ́kún. Inú mi dùn pé ó fẹ́ràn orin tó báyìí.

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ilé ti kún. Liuben, mi ò rí èèyàn tó báyẹn nínú ilé yìí láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ. Wọ́n gbé àlìkámà bíbọ̀ onísúgà wá, wọ́n gbé wáìnì wá, wọ́n ń dà díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu géètì kí wọ́n tó wọlé, àwọn àgbà ọkùnrin ń ṣí fìlà. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ẹni tó dá àwo ṣe nìyẹn. Mo bu ọbẹ̀ ẹ̀wà fún wọn, mo gbé ọtí èso pọ́ọ̀mù jáde, mo na ife mi kí a jọ kàn án, kò sẹ́ni tó kàn án. Mo wo ife náà bóyá ó dọ̀tí. Ó yẹ kí n ti fura níbẹ̀, nítorí oúnjẹ òkú ni àlìkámà yẹn, àwa kì í sì í kan ife mọ́ ife níbi tí wọ́n bá ti ń rántí òkú, ṣùgbọ́n inú mi dùn jù, mi ò fura.

Penko tí ilé rẹ̀ kángun sí odò ló dìde tó sọ̀rọ̀. Ó ní ọmọ dáadáa ni ọ́, ó ní gbogbo èso pọ́ọ̀mù òun tó o jí kó ní kékeré, òun ti fi jì ọ́, kí Ọlọ́run náà fi ariwo tó o fi ń pa adìyẹ òun láyà jì ọ́. Inú bí mi. Mo ní Penko, jáwọ́ níbẹ̀ jàre, kò sí ariwo mọ́, ó ti jẹ́jẹ́ báyìí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni Manol, gbogbo wa náà la máa jẹ́jẹ́ lọ́jọ́ kan.

Ìgbà yẹn ni Fadá Genadi wọlé tòun ti tùràrí, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní ìgbà wo ni Liuben máa wá sílé? Mo ní Fadá, ohun tí èmi náà ń bèèrè láti ọdún mẹ́ta nìyẹn. Ó ní rárá, òkú rẹ̀ lòun ń sọ.

Mo rẹ́rìn-ín, èmi nìkan. Mo ṣàlàyé, mo ní àwo orin ni, àwo orin ni! Wọ́n ń wo ara wọn bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tí ọ̀fọ̀ ti gba ọgbọ́n lórí rẹ̀. Rusalina rọra sọ pé kí n mumi. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti wá bà mí gidi, ọmọ mi, nítorí mo bi ara mi pé, bí àwọn wọ̀nyí bá ti gbọ́ ohun tí wọn ò sọ fún mi ńkọ́? Ta ló máa sọ fún mi? Mo gbé fóònù, mo pè ọ́. Ọmọbìnrin yẹn tó máa ń bá ọ gbé fóònù ló gbé e, ó ní kò sí ọ̀nà láti rí ọ báyìí. Mo ní ọmọ mi, jọ̀ọ́, bàbá rẹ̀ ni mí, ṣáà sọ fún mi bóyá ó ń mí. Ó tún ohun kan náà sọ. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ọmọ tó mọ̀wà hù ni o, ṣùgbọ́n kì í fetí sílẹ̀, kò sì dáa kó o máa mú un ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru báyẹn.

Rusalina ló wá mú fóònù tiẹ̀ jáde, ó ṣí ibi tí àwọn tó gbọ́ àwo náà ti ń sọ ohun tí wọ́n rò. Èrò wà níbẹ̀ bí ọjọ́ ọjà. Ọ̀pọ̀ wọn kàn na àtàǹpàkò sókè láìsọ nǹkan kan, mo rò pé wọ́n ń wá ọkọ̀ tó máa gbé wọn dé Sófíà ni. Ẹnì kan ní òun ń gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ òun títí òun fi kọjá ilé ara òun. Ẹnì kan ní irú orin yìí ni ìyàwó òun máa ń gbọ́ tó bá ń lọ aṣọ. Ẹnì kan wá wà láti ìlú Ruse tó ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Irin Àtijọ́, mi ò mọ ìdílé yẹn. Òun ní o ti ta ara rẹ fún àwọn rédíò, ó ní gìtá dà, ó ní kó o lọ jókòó ti ọmọ-ọmọ rẹ. Lábẹ́ ìyẹn gan-an ni orúkọ rẹ wà, Rusalina ní kò tíì pẹ́ rárá tó o kọ ọ́: Ẹ̀gbọ́n, gìtá wà nínú orin kẹta, etí yín ni mi ò rí.

Mo fi ẹnu ko fóònù náà. Mo ní ó wà láàyè, ó ń bá èèyàn jà! Gbogbo ilé hó. A kan ife wàyí, a kàn án dáadáa, Fadá náà kàn án. Penko ní tí kò bá ti kú, òun gba ọ̀rọ̀ èso pọ́ọ̀mù yẹn padà o. Mo ní kí Rusalina bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Irin Àtijọ́, kí ó kọ àdírẹ́sì wa síbẹ̀, kí ọkùnrin náà wá jẹ ẹ̀wà níjọ́ tó bá gba ibí kọjá. Rusalina fẹ́ ká já àwòrán rẹ kúrò ní géètì, mi ò gbà. Mo fi pẹ́ńsù kọ “Ó wà láàyè” sísàlẹ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, wọ́n lọ. Mo fọ àwọn abọ́. Ohun tó wá ń dùn mí ni pé ará Ruse tí o kò rí rí bú ọ, o sì dá a lóhùn kíá, èmi sì rèé, láti oṣù Kẹjọ, ọmọbìnrin fóònù yẹn nìkan ló ń dá mi lóhùn. Mo rò ó pé bóyá kí èmi náà máa bú ọ ni. Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo ní kí Rusalina bá mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé gìtá dà. Mo jókòó lórí àpótí bíà, mo dúró. O kò dáhùn. Ó ní Bàbá, ẹ má jẹ́ kó dùn yín, àwọn tó ń bèèrè gìtá ti pọ̀ jù.

Ó káàánú mi, ó wá jẹ́ kí n gbọ́ orin náà fúnra rẹ̀, “Kò Sẹ́nìkan Nílé”. Liuben, ní gbogbo ọdún tó o fi wà pẹ̀lú Ẹ̀fúùfù Irin, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan rí nínú orin yín, ìyá rẹ náà ò gbọ́, ọkàn wa sì balẹ̀. Wàyí mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohùn rẹ dára. O kọrin pé koríko ti bo ojú ọ̀nà, pé iná ilé ìdáná ti kú, pé àga kan kọjú sí ògiri, pé o kan ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ọmọ mi, mo wà nílé.

Koríko yẹn, mo gé e ní oṣù tó kọjá. Gílóòbù ilé ìdáná ló jó, àjà ga, mi ò sì gun àga mọ́ láti ìgbà tí mo ti ṣubú, nítorí náà mo máa ń jókòó sínú òkùnkùn, mo máa ń gbọ́ rédíò. Sítóòfù ni àga náà kọjú sí, kì í ṣe ògiri. Tó bá jẹ́ pé o kan ilẹ̀kùn lóòótọ́, kí ló dé tí o kò kàn án kíkankíkan, ṣebí o mọ̀ pé etí òsì mi kì í gbọ́? Rusalina ní Bàbá Manol, orin kì í ṣe ìwé ìròyìn, ẹ má fi ara yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fi hàn mí pé obìnrin kan ní Varna kọ̀wé pé bí ilé bàbá òun ṣe rí gan-an nìyẹn, òun sunkún, àwọn mìíràn sì ń kọ ọ́ tẹ̀lé e pé tiwọn náà nìyẹn. Gbogbo orílẹ̀-èdè yìí ló ti ti ilé kan pa síbì kan. Ṣùgbọ́n tiwa kò tì. Wọ́n ń bá ọ kẹ́dùn lórí ilé tí mo wà nínú rẹ̀. Abúlé yìí nìkan ló rò pé o kú, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan péré sì ni, ará Ruse yẹn sì bá ọ já irọ́ náà. Ta ló máa bá èmi já tèmi?

Nítorí náà mo ti pinnu pé mò ń bọ̀ wá síbi eré náà ní ọjọ́ kẹtàdínlógún. Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ díẹ̀ ránṣẹ́ nípasẹ̀ Rusalina, má fi í gba inú ẹ̀rọ tó ń pọ owó, nítorí ó ní kí n fi nọ́ńbà sọ irú ẹni tí mo jẹ́, mo sọ orúkọ mi fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì gba káàdì mi. Fi owó gílóòbù kan kún un. Wá ibìkan fún mi níwájú, kó jìnnà sí sípíkà. Mi ò ní sọ̀rọ̀, mi ò ní wúkọ́. Tó bá kan orin yẹn, kọ ọ́ bó o ṣe kọ ọ́, má yí nǹkan kan padà nítorí mi. Rusalina ni mo máa fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún, nítorí náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn òtítọ́ lo máa kọ, kò ní sẹ́nìkan nílé.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ohùn rẹ àti ẹ̀yìn rẹ. Kí àwọn tó ń bú ọ má ṣe sú ọ, kí àwọn tó ń yìn ọ́ má ṣe mú ọ gbàgbé oúnjẹ. Kí ó má jẹ́ èmi ni màá lẹ àwòrán rẹ mọ́ géètì ní ti òdodo. Wá pàdé mi ní ibùdó ọkọ̀, ìwọ fúnra rẹ ni o, má rán ọmọbìnrin yẹn. Ìgò tàtàṣé ló máa wà lọ́wọ́ mi méjèèjì, mi ò ní lè gbé fóònù. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kọkànlá, bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ láàárọ̀, ni mò ń gbéra.

Bàbá rẹ,
Manol Dishkov