Góòlù Kan Ṣoṣo Tí Bàbá Onígbàjámọ̀ Kò Rí

Inú ilé tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí pápá ìṣeré ni a bí Bàbá Onígbàjámọ̀ sí ní ọdún 1943. Alágbẹ̀dẹ ọmọ alágbẹ̀dẹ ni bàbá tó bí wọn lọ́mọ. Ìyá wọn ń ta òwú àti abẹ́rẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé náà. Bàbá ni àbíkẹ́yìn. Ìyá wọn máa ń sọ pé ariwo góòlù ló bo igbe ọmọ tuntun náà mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, tó fi jẹ́ pé ńṣe ni agbẹ̀bí gbé etí sí i lẹ́nu kó tó mọ̀ pé ọmọ ti ké. Kò sẹ́ni tó lè jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yìí mọ́, ṣùgbọ́n Bàbá kò gbà kí ẹnikẹ́ni pè é nírọ́.

Ní 1950 ni wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Apá àwọn òbí wọn kò ká ti girama, ni wọ́n bá lọ kọ́ iṣẹ́ irun gígẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá wọn. Ní 1965, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn, tó fara ti ògiri pápá: àga méjì, bẹ́ǹṣì kan, dígí mẹ́ta lára ògiri, àti dígí ọlọ́wọ́ kékeré tí wọ́n fi ń han oníbàárà ní ìpàkọ́ ara rẹ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ àdúgbò, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Aláró nítorí aṣọ aláró tí wọ́n ń wọ̀, kì í gẹrun níbòmíràn. Ọjọ́ tí wọ́n bá fìdí rẹmi, orí kodoro ni wọ́n ń gbé dìde lórí àga Bàbá.

Ní 1970, wọ́n gbé Màmá níyàwó, aránṣọ tí kò bìkítà bóyá bọ́ọ̀lù rí róbótó tàbí ó ní igun. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ. Bàbá ní ẹsẹ̀ òsì ni àbíkẹ́yìn fi ń ta ìyá rẹ̀ nípàá nínú oyún, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Ẹlẹ́sẹ̀-Òsì. Ọjọ́ tí Aláró gba ọmọ yìí sínú ẹgbẹ́ ní 2002, Bàbá gẹrun gbogbo àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́, títí kan ẹni tí kò ní irun lórí.

Ọdún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan tí àwọn èèyàn ń pè ní Olówó. Kò pẹ́ tó fi ta pápá ìgbáradì. Ó ká òrùlé orí ìjókòó àwọn èrò, ó ní òun ń gbé èyí tó dára jù ú lọ bọ̀. Òjò ló gbé bọ̀. Ó bọ́ aṣọ aláró lára àwọn ọmọ, ó wọ yẹ́lò fún wọn, nítorí pé yẹ́lò ni wọ́n fi kun ilé iṣẹ́ tirẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá ni àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ti ṣèpàdé ní 2003. Àwọn kan ní kí kálukú jókòó sílé. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, Olówó yóò ní àwọn èèyàn kò fẹ́ ẹgbẹ́ wọn mọ́ ni.

“A kì í fi iná sórí òrùlé sùn,” ni wọ́n wí. “Ẹ jẹ́ ká wọlé, ká sì kẹ̀yìn sí pápá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìpàkọ́ niṣẹ́ tèmi. Ẹ jẹ́ kí Olówó wo ìpàkọ́ wa. Ẹni tó bá bojú wẹ̀yìn, kì í ṣe ara wa mọ́.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì búra. Kò sẹ́ni tó rántí Ẹlẹ́sẹ̀-Òsì, nítorí pé kóòṣì kò tíì fi í sínú ìdíje kankan rí.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, agbábọ́ọ̀lù kan fẹsẹ̀ rọ́, kóòṣì sì ní kí Ẹlẹ́sẹ̀-Òsì wọlé. Bàbá gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Wọn kò yíjú. Wọ́n gbọ́ bí bọ́ọ̀lù ṣe dún lẹ́sẹ̀, wọ́n gbọ́ bí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ àlejò ṣe kígbe “Yéè!”, lẹ́yìn náà, gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Ọmọ ti gbá a wọlé. Ó sáré wá síbi tí bàbá rẹ̀ dúró sí, ó la ọwọ́ méjèèjì, ìpàkọ́ ló bá.

“Bàbá mi, èmi ni o! Mo ti gbá a wọlé!”

Omi ń bọ́ lójú Bàbá, ṣùgbọ́n ìbúra ni ìbúra, wọn kò yí padà. Màmá nìkan ló ti kọjú sí pápá látìgbà tí wọ́n ti pe orúkọ ọmọ. Nígbà tí àwọn èèyàn bi wọ́n léèrè, èsì wọn kò ju kan lọ: “Ọmọ ni mo bí, n ò bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù.”

Olówó ti lé àwọn oníkámẹ́rà lọ lọ́jọ́ náà, kí aráyé má baà rí ẹ̀yìn àwọn èrò. Nítorí náà, kò sí fọ́tò, kò sí fídíò. Lẹ́yìn èyí, ó fòfin de Bàbá pé wọn kò gbọ́dọ̀ wọ pápá mọ́, ó sì ní kí wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù tó fara ti ògiri òun. Bàbá kó dígí wọn, wọ́n lọ ń gẹrun ní ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi sú Olówó, tó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ní 2006, Aláró ti já wálẹ̀ sí ìpele tó kéré jù, ilé ìkẹ́rùsí ti kún orí pápá ìgbáradì, orúnkún Ẹlẹ́sẹ̀-Òsì sì ti yẹ̀, ó ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Góòlù kan yẹn náà ló gbá wọlé fún Aláró. Àwọn kan ń kí Bàbá kú akitiyan. Àwọn mìíràn ń pòṣé, wọ́n ní ìwọ́de ló ba ẹgbẹ́ jẹ́. “Ẹ kú ìrìn o” ni Bàbá fi ń dá tọ̀tún tòsì lóhùn.

Wọn kò kábàámọ̀ ìwọ́de rí. Ohun tó ń dùn wọ́n ni ìpàkọ́ tí ọmọ wọn bá. Góòlù náà ń wù wọ́n í rí, ó ń wù wọ́n bí omi ṣe ń wu ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, wọ́n sì sọ ọ́ di ìbéèrè ojoojúmọ́ fún Màmá.

“Ẹsẹ̀ wo ló fi gbá a?”

“Ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ni.”

“Gólì ńkọ́? Níbo ló dúró sí?”

“Níwájú ilé ẹ̀ ni. Àbí ilé onílé lẹ fẹ́ kó máa ṣọ́?”

Àwọn oníbàárà náà kì í gbẹ́yìn: “Bàbá, pẹ̀lú gbogbo dígí yìí, ẹyọ kan ẹ ò mú dání lọ́jọ́ náà!” Bàbá á bá wọn rẹ́rìn-ín, wọn á wá máa gbọn irun kúrò lára aṣọ.

Bàbá bẹ̀rù Ọlọ́run. Alàgbà ni wọ́n nínú ìjọ, wọ́n sì ń gẹrun fún àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn láìgba ohunkóhun. Nígbà tí àwọn olólùfẹ́ gba Aláró, wọ́n fi Bàbá sí ìjókòó iwájú. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ kí wọn láti ẹ̀yìn á dúró di ìgbà tí rẹfirí bá fun fèrè. Bàbá kì í bojú wẹ̀yìn.

Ní 2024, àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀-Òsì, tó ti yọkùn báyìí, tó ń wa ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé, lọ wá gólì ọjọ́ náà rí, tí irun tiẹ̀ ti funfun. Wọ́n fi í sí Sátidé pé àwọn yóò tún góòlù náà gbá lójú Bàbá.

“Ẹ gbé àga mi síbi tí mo dúró sí gan-an,” ni Bàbá wí. “Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kó kọjú sí pápá.”

Wọ́n ní kí ọmọ náà gẹrun fún wọn. Wọ́n gba dígí ọlọ́wọ́, wọ́n sì wo ìpàkọ́ ara wọn pẹ́. Sátidé ku ọ̀la nígbà tí Bàbá jẹ́ ìpè Ẹlẹ́dàá.

Wọ́n fi Màmá sílẹ̀ lọ, pẹ̀lú ọmọbìnrin wọn àgbà tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, èkejì rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́, Ẹlẹ́sẹ̀-Òsì, ọmọ-ọmọ mẹ́jọ, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ kan tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kì í sinmi.

Ẹ̀yin olùkẹ́dùn wa, kí a tó dé itẹ́ òkú lónìí, a ó yà ní pápá. A ó gbé pósí Bàbá síbi tí wọ́n dúró sí lọ́jọ́ náà, ojú wọn yóò wà níhà àwọ̀n. Gólì yóò dúró sẹ́nu ilé rẹ̀, ọmọ wọn yóò sì gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dákẹ́ bíi ti ọjọ́sí. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kan àwọ̀n, ẹ bá wa pariwo kó dé etí wọn.

Bàbá Onígbàjámọ̀, ọrùn yín ti bọ́ nínú ìbúra. Ẹ sinmi jẹ́ẹ́, kí ilẹ̀ tẹ́ yín lára, títí a ó fi tún fojú kojú.