Abẹ Lọ́fun Bàbá

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì

Mo fá irùngbọ̀n Bàbá lónìí, ẹ̀jẹ̀ kò sì jáde. Alhamdulilahi.

Láti ìgbà tí ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n, èmi ni mo ń fá a. Kílípà máa ń jẹ́ kí nǹkan wẹ́wẹ́ sú sí wọn lọ́rùn, wọn ò sì fẹ́ kí àlejò gbé abẹ sí àwọn lọ́fun. Ṣùgbọ́n mo ti gé wọn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní bí mo bá tún gé àwọn, ó parí nìyẹn.

Mo wo fídíò, mo kàwé, mo pọ́n abẹ lára awọ títí. Ìyá ló wá sọ ohun tó ń fà á lówùúrọ̀:

"Iwájú ilé lo ti ń fá a. Gbogbo ẹni tó bá kí bàbá yín ni wọ́n ń bi léèrè aya àtọmọ. Ṣé àgbọ̀n tó ń sọ̀rọ̀ ṣeé fá ni?"

Èmi náà kúkú máa ń yíjú kí wọn, tabẹ-tabẹ lọ́wọ́.

A bọ́ sẹ́yìnkùlé.

"Rọra o. Èmi kì í ṣe àgbò iléyá."

Mo fi ọwọ́ òsì fa awọ ara wọn le, mo rọra tẹ́ abẹ lé e pẹlẹbẹ. Kò pẹ́ tí orí wọn fi wúwo lọ́wọ́ mi.

Mi ò mọ̀ bóyá ọwọ́ mi ló ti mọ̀ ọ́n, àbí àárẹ̀ àgbà lásán ni. Ṣùgbọ́n abẹ mi wà lọ́fun wọn, wọ́n sì ń hanrun.