Súwẹ́tà Kejì

Bàbá Ṣẹ̀yẹ,

Mo ti gba Òkè Àdó lọ, ọmọ wà lọ́dọ̀ mi. Ẹ gbé ọbẹ̀ kaná kẹ́ ẹ tó jẹun.

Súwẹ́tà Abíọ́dún àbúrò yín tó ń lọ Lọ́ńdọ̀nù ti parí. Mi ò mọ̀ pé ọwọ́ mi tún lè hun nǹkan lẹ́yìn tá a sin Táyé.

Òwú tó ṣẹ́ kù ni mo fi hun ti Ṣẹ̀yẹ. Ìgbà tí n ó fi gbójú sókè, méjì ni mo ti hun. Mo mọ̀ pé ẹ ní onígbàgbọ́ kì í ṣe ti òkú mọ́ ti alààyè. Ẹ̀yin náà lẹ ní ká má pe ọmọ ní Kẹ́hìndé, kó má baà mọ̀ láé pé méjì ni wọ́n. Ẹnu mi ò sọ ọ́ rí.

Láàárọ̀ yìí mo wọ tiẹ̀ fún un, mo fẹ́ fi ìkejì sápòótí. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ó ní òtútù ń mú òun."

Orí àga ló wà. Ẹ má gbé e kúrò.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì